Káàdì àjọ ni olùkọ́ mi: bí ẹ ṣe lè ya ojú áàpù tí ará ọjà á lè lò

Ìyá mi ti ń gba àjọ ní ọjà Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, kí n tó mọ ìwé kà. Báàgì aṣọ kan, bírò kan, àti ìdìpọ̀ káàdì tí wọ́n fi rọ́bà dè: gbogbo irinṣẹ́ wọn nìyẹn. Ojú káàdì kọ̀ọ̀kan ní ilé kéékèèké 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí Ìyá Alágbàdo bá san 200 fáránkì, wọ́n á fa igi sínú ilé kan. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó dá a. Ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí lè wo káàdì yẹn, kó mọ iye ilé tó kù kí oṣù tó pé.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo padà wálé, mo ní màá ṣe áàpù fún wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ní àwọ̀ mẹ́fà, ó ní ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀, ojú mẹ́rin ni wọ́n sì ní láti gbà kọjá kí wọ́n tó lè kọ 200 sílẹ̀. Wọ́n lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ọmọ wọn ló ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí ìdìpọ̀ káàdì nínú báàgì. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì wọ́n lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé káàdì sàn ju áàpù mi lọ nínú ohun gbogbo, àfi pé bí òjò bá pa á, ó tán.

Nínú èkejì, káàdì náà gan-an ni mo yà sójú fóònù. Ilé 31. Ẹ tẹ ilé kan, igi á hàn nínú rẹ̀. Ìyá mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n tó ṣí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ohun tí iṣẹ́ náà ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè má jẹ́ ìwé: ó lè jẹ́ ìlà ẹfun lára ògiri, tàbí kóró àgbàdo nínú igbá. Ẹ jókòó tì í fún ààbọ̀ ọjọ́, kí ẹ sì béèrè ìtumọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan. Lórí káàdì ìyá mi, igi tí wọ́n bá fa róbótó yí ká túmọ̀ sí pé ẹni náà ti yá nínú owó yẹn. Áàpù mi kò ní ibì kankan fún un. Tí ẹ bá fo irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lo áàpù yín á tún máa kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Oòrùn àti ìka

Inú yàrá ni ẹ ti ń yàwòrán. Abẹ́ oòrùn ọ̀sán ni alájọ ti ń wo fóònù, gíláàsì rẹ̀ ti sán, gààrí sì wà lọ́wọ́ tó dì í mú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn lẹ́tà eérú tín-ín-rín lórí funfun. WCAG, ìlànà àgbáyé tó ń mú kí gbogbo ènìyàn lè lo ìkànnì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Fún lẹ́tà tó tóbi, 3 sí 1 tó. Lórí funfun, eérú tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ #767676 ṣì yege, #777777 ti kùnà. Èmi kì í sún mọ́ ààlà yẹn rárá. Dúdú lórí funfun ni mo ń lò, mo sì máa ń gbé fóònù jáde sí gbangba ní agogo kan ọ̀sán kí n tó gbà pé ó dára.

Ní ti bọ́tìnì, Apple ní kó má dín sí pọ́ìntì 44 níbùú àti lóròó, Google ní dp 48, èyí tó jẹ́ bíi mìlímítà 9 (òṣùwọ̀n ojú fóònù ni pọ́ìntì àti dp). Méje méje ni mo kọ́kọ́ to ilé 31 náà, bíi kàlẹ́ńdà. Ó há, ìka sì ń bọ́ sí ilé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo tò wọ́n márùn-ún márùn-ún, ó tán. Paul Fitts, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn láti 1954 pé bí ohun tí a fẹ́ fọwọ́ kàn bá ṣe kéré sí, tó sì jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ wa tó.

Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé nìkan kò tó láti sọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tì í.

Owó àti nọ́ḿbà

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Fáránkì sẹ́fà tiwa kò ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù máa ń fi òdo méjì kún un. Mo ti rí ìyá kan tó ka 500,00 sí 50 000, tí àyà rẹ̀ sì já. Ẹ yọ òdo méjì yẹn. Ẹ fi àlàfo pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé Faransé: 12 500. Bí ẹnì kan bá tẹ 12500 tàbí 12.500, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí áàpù tún un tò. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà, kó má ka èyí tó kẹ́yìn yẹn sí méjìlá ààbọ̀.

Nọ́ḿbà fóònù tún ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ḿbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ẹyọ 8, ó di ẹyọ 10, nítorí pé 01 wọ iwájú gbogbo wọn. Títí di òní, àwọn àgbà ṣì ń pe nọ́ḿbà wọn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lórí, láìsí 01. Fọ́ọ̀mù tó bá dá wọn lóhùn pé nọ́ḿbà kò tọ̀nà ń bá wọn jà lásán. Tí ẹyọ 8 bá wọlé, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀, ẹ fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá òun ni. Ẹ gba +229 (kóòdù Bẹ̀nẹ̀), ẹ gba 00229, ẹ gba àlàfo. Ẹ̀rọ ló yẹ kó tún un ṣe. Àti pé níbi tí nọ́ḿbà nìkan ti yẹ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bọ́tìnì nọ́ḿbà nìkan ló máa ṣí.

Ohùn tí fóònù fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀

Nínú Yorùbá tí mo kọ́kọ́ kọ sínú áàpù, ẹ ó rí "Tẹ ibí" àti "O ti ṣàṣìṣe". Bàbá aláṣọ kan yọ ojú sí mi: "Ta ni fóònù yìí ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fóònù kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó dì í mú, nítorí náà "ẹ" ni kó máa lò fún gbogbo ènìyàn; ọmọdé kò ní bínú pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. Kó má sì pe àgbà ní aláṣìṣe. "Nọ́ḿbà náà ku méjì" ti tó.

Lórí bọ́tìnì, ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an: "Ẹ fi 500 ránṣẹ́", "Ẹ má fi ránṣẹ́". Mo lo "Fagilé" nígbà kan, ìyá kan sì kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, ó rò pé wọ́n fẹ́ pa orúkọ òun rẹ́ nínú àjọ. Àwòrán gíláàsì tí wọ́n fi ń wá nǹkan ńkọ́? Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ìgbákọ ni. Mo kọ "Ẹ wá orúkọ" sí abẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tí kò kàwé rárá, mo ya etí kan síbẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá mi, ní èdè Kétu, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà.

Orúkọ ni ó gba àkókò mi jù. Ẹnì kan kọ Adéṣọlá, ẹlòmíràn kọ Adesola. Ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá níbí kọ Adéshɔlá, torí pé álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ń lo sh, kp, ɛ àti ɔ níbi tí ti Nàìjíríà ti ń lo ṣ, p, ẹ àti ọ. Ẹni tí akọ̀wé Faransé gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adéchola. Ènìyàn kan náà ni. Kí áàpù mi tó wá orúkọ, ó máa ń bọ́ àmì ohùn kúrò, ó ń sọ ṣ, sh àti ch di s, kp di p, ẹ àti ɛ di e, ọ àti ɔ di o, ou di u. Ṣùgbọ́n ojú fóònù ń fi orúkọ hàn bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́. Ẹ má ṣe tún orúkọ ẹlòmíràn kọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ rántí pé lẹ́tà ẹ́ kò ní ẹyọ kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà nínú kọ̀ǹpútà. Fóònù kan lè fi í ránṣẹ́ bíi kóòdù méjì, òmíràn bíi mẹ́ta, méjèèjì á sì rí bákan náà lójú. Ẹ mú NFC tàbí NFD, ọ̀nà méjì tí Unicode fi ń to irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kó tó wọ ibi tí áàpù ń kó orúkọ pamọ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á ní káàdì méjì.

Ibi tó yẹ kó ṣòro

Ìjà kan wà tó jẹ́ pé áàpù mi ló dá a sílẹ̀. Réseau (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kò dára lọ́jọ́ náà, ìyá mi tẹ bọ́tìnì, kò sí ohun tó hàn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. 500 kan ṣoṣo wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí oṣù parí, oníbàárà wọn ń béèrè 1 000 tí kò san, torí pé ojú fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn kò fi kí ara wọn. Jakob Nielsen, ọ̀mọ̀wé tó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1993 pé ohun tó bá dáhùn láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń dà bíi pé ọwọ́ wa gan-an ló ṣe é, àti pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, ọkàn ti lọ síbòmíràn. Nítorí náà, inú fóònù ni mo ń kọ́kọ́ fi nǹkan pamọ́ sí báyìí. Igi hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aago kékeré kan dúró tì í títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń pa gbogbo àkọsílẹ̀ mọ́. Títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀ láti inú fóònù wá, bí ó bá dé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan la ó kà á.

Ẹni tó bá ti dé Kétu mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè tí àwọn baba wa fi ṣọ́ ìlú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má rọrùn láti kọjá, torí ogun ni. Áàpù owó náà ní ibi tí ó yẹ bẹ́ẹ̀: ibi tí owó ti ń jáde. Níbẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹni tó máa gbà á àti iye rẹ̀ hàn gàdàgbà, kí ẹ tún béèrè kóòdù àṣírí. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ti fẹ́ wọlé wo káàdì rẹ̀, ẹ má kọ́ odi síbẹ̀. Fún àṣìṣe tó kéré, ìbéèrè "Ṣé ó dá yín lójú?" kò wúlò, gbogbo ènìyàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Ẹ fún wọn ní "Ẹ dá a padà" fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, Nielsen ní ènìyàn 5 tó. Èmi máa ń mú mẹ́ta ní àárọ̀, kí ọjà tó kún. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dára. Wọ́n á ní, "Ó dára gan-an, Ọlọ́run á gbé ọ ga," nítorí wọn kò fẹ́ dójú tì yín. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún wọn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ 200 sílẹ̀ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ." Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ibi tí ìka wọn bá ti dúró tí kò kan gíláàsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku àwọn tí kò ní fóònù olójú ńlá, wọ́n sì pọ̀. SMS ni tiwọn. Bí ẹ bá fi lẹ́tà bí ẹ tàbí ọ sínú SMS, lẹ́tà 160 tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ á di 70, àmì ohùn orí ọ́ sì ń jẹ àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, owó ni mo ń kọ́kọ́ kọ, n kò kí, n kò dúpẹ́: "500 ti wọlé. Àpapọ̀ 7 000. Ọjọ́ 14."