Bí Mo Ṣe Gba Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì Tó Kọjá

Kí Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì (ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde) máa ń bẹ̀rẹ̀, tó dé ni mo ti pinnu pé n kò ní to ẹ̀jẹ́ jọ pelemọ. Ẹni tó ní òun ò ní wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, òun á ka Bíbélì tán, òun á máa jí gbàdúrà lóru, òun ò sì ní bínú sí ẹnikẹ́ni, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo rẹ̀ á ti dà á lójú rú. Ohun mẹ́ta tí Jésù fúnra rẹ̀ dárúkọ nínú Mátíù orí 6 ni mo mú: ìtọrẹ àánú, àdúrà àti ààwẹ̀. Mo wá so wọ́n mọ́ra wọn. Àkókò tí ààwẹ̀ bá yọ sílẹ̀, àdúrà ni yóò gbà á. Owó tí ààwẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ti aláìní ni.

Mo kọ́kọ́ yẹ ohun tí Ìjọ Kátólíìkì béèrè wò, torí àgbọ́sọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kiri. Ọjọ́ méjì péré ni ààwẹ̀ ti jẹ́ dandan: Ọjọ́rú Eérú àti ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, ọjọ́ tí a ń rántí ikú Jésù. Ẹni ọdún 18 títí dé ẹni ọdún 59 ló kàn. Oúnjẹ àjẹyó kan ṣoṣo ni lóòjọ́, pẹ̀lú ìpanu ẹ̀ẹ̀mejì tí àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó àjẹyó. Ní ti ẹran, ẹni ọdún 14 sókè ni yóò yẹra fún un ní ọjọ́ méjèèjì yẹn àti ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì. A kì í fi dandan mú aláìsàn. Ọdún 1966 ni Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà mú un fúyẹ́ báyìí; àwọn tó ṣáájú wa gba ààwẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo fi tèmi kún un. Gbogbo Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, n kì í fi nǹkan kan ẹnu títí di ọ̀sán, tó bá sì di alẹ́, mo máa ń pa fóònù. Ti oúnjẹ ò le rárá. Ebi á pa mí, mà á mọ̀ pé ebi ni. Fóònù ló bá mi jìjàkadì. Ọwọ́ mi á kàn ṣàdédé wọ àpò, á máa wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ò rán an níṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń darí mi gan-an, kì í sì í ṣe ikùn.

Ní Mísà, ìsìn ìjọ wa, ti Ọjọ́rú Eérú, a ka ọ̀rọ̀ wòlíì Jóẹ́lì pé kí á fa ọkàn wa ya, kì í ṣe aṣọ wa. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a gbé ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sun di eérú náà. Fádà fi sàmì sí wa níwájú orí, ó ní, “Rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́, ìwọ ó sì padà di erùpẹ̀.” Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn: Ìhìnrere tí a kà ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bọ́jú rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí èèyàn mọ̀, àwa náà la sì gbé eérú síwájú orí jáde sí títì. N kò rí i bí àṣehàn, àfi tí a bá tún wá ya fọ́tò rẹ̀ káàkiri.

Fún àdúrà, mi ò wá ìwé kankan lọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú Lẹ́ńtì ló ní bíbélì kíkà Mísà tirẹ̀. Ìhìnrere ọjọ́ náà ni mo ń mú lálẹ́, mà á kà á sókè, kíákíá kọ́ o, mà á tún un kà, mà á dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti mú mi, mà á bá Ọlọ́run sọ ọ́, lẹ́yìn náà mà á dákẹ́. Àwọn mọ́ńkì ìgbàanì ló ń gbàdúrà báyìí. Dídákẹ́ yẹn ló le jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, gbogbo gbèsè àti iṣẹ́ tí mo ti gbàgbé á yọjú. Nígbà tó yá, mo kàn ń dárúkọ wọn fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn obìnrin ará Samáríà létí kànga, nínú Jòhánù orí 4, ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Èmi tí mo rò pé mò ń wá Ọlọ́run lọ, mo rí i pé Jésù ló kọ́kọ́ là ẹnu: “Fún mi ní omi mu.” Òùngbẹ ń gbẹ òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo yéé bẹ̀rẹ̀ àdúrà mi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mà á kọ́kọ́ béèrè pé, “Olúwa, kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí?”

Ìdáhùn máa ń dé nígbà mìíràn láti inú Aísáyà orí 58, tí a kà ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Ọjọ́rú Eérú: ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí á pín oúnjẹ wa fún ẹni tí ebi ń pa. Torí náà, owó oúnjẹ tí n kò jẹ, inú àpò ìwé kan ló ń wọ̀, mo sì ń gbé e fún ẹni tó nílò rẹ̀ lọ́wọ́ sí ọwọ́. Fífúnni ò ṣòro. Kí èèyàn má sọ ọ́ síta ni iṣẹ́ ńlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú, àdúrà ibùdó 14 tí a fi ń rántí ìrìn Jésù lọ síbi ikú rẹ̀. Níbi ìkarùn-ún ni ọkàn mi ti máa ń dúró. Símónì ará Kírénè kò yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó ń ti ìgbèríko bọ̀ ni, wọ́n fi ipá gbé àgbélébùú Jésù lé e léjìká. Síbẹ̀ Máàkù dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, Alẹkisáńdà àti Rúfù, bí ẹni pé àwọn òǹkàwé mọ̀ wọ́n. Ó jọ pé ẹrù àfipágbé yẹn ló mú ìdílé náà dé ọ̀dọ̀ Kírísítì.

N kò dúró de Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, kí n tó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fádà, torí ìgbà yẹn ni ìlà máa ń gùn, tí Fádà á sì ti rẹ̀. Mo fi Òfin Mẹ́wàá yẹ ara mi wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan. Mo kúnlẹ̀: “Ẹ súre fún mi, Fádà, torí mo ti ṣẹ̀.” Mo sọ ìgbà tí mo jẹ́wọ́ kẹ́yìn, mo sì ka ohun tó wà níbẹ̀ láìṣe àlàyé jàn-ànràn. Èyí tó wúwo jù ni ìbínú tí mo ti ń bá ẹnì kan yí. Fádà ò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé o ti dárúkọ ẹni yẹn nínú àdúrà rí?” Ètùtù, ìyẹn ohun tí Fádà ń ní kí ẹni tó jẹ́wọ́ lọ ṣe, tó fún mi nìyẹn: àdúrà Baba Wa kan lójoojúmọ́ fún ẹni náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, títí di Àjíǹde. Mo gba àdúrà ìrònúpìwàdà, ó tú mi sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ya ìwé náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Mo lè sọ pé Baba Wa yẹn ni Lẹ́ńtì mi gan-an. Lákọ̀ọ́kọ́, ńṣe ni mo ń pa eyín pọ̀ sọ ọ́. Ìgbà tí mo bá dé “bí a ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá,” ohùn mi á lọ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ kan dé tí mo bá ara mi tí mò ń tọrọ àlàáfíà fún un tọkàntọkàn.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ yára kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀, Fádà wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí a kì í ṣe Mísà níbikíbi lágbàáyé, a tẹríba fún àgbélébùú. Lóru Àjíǹde, a tan iná tuntun, a sì kọ Alelúyà tí a ti pa mọ́ jálẹ̀ Lẹ́ńtì.

Ìhìnrere alẹ́ ṣì ń lọ títí di ìsinsìnyí. Fóònù, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni mo ṣì ń pa á. Ẹni tí mò ń bínú sí, a ti ń kí ara wa báyìí, àmọ́ a ò tíì jókòó sọ̀rọ̀, mo sì ń bá Baba Wa rẹ̀ lọ.