Bí Mo Ṣe Ṣe Àdàkọ Ìtàn Odi Àwọn Iwin ní Ilẹ̀ Ireland

Láàárín ọdún 1937 sí 1939, àjọ tí ìjọba ilẹ̀ Ireland gbé kalẹ̀ láti kó ìtàn àbáláyé jọ fi iṣẹ́ kan rán àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n lọ bá òbí, òbí àgbà àti àwọn aládùúgbò wọn, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nǹkan bí 50,000 ọmọ ló jẹ́ iṣẹ́ náà. University College Dublin ni àwọn ìwé náà wà títí dòní, àwòrán ojú ìwé wọn sì wà lórí ìkànnì Dúchas, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ ti lè bá wọn tẹ ohun tí àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ kọ. Ọ̀wẹ̀ ni, kò sí owó níbẹ̀. Mo dá sí i nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tó mú kí àgbẹ̀ tó ní katakata máa yí igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo po láàárín oko rẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì jẹ́ gé e.

Agbègbè Clare ní ìwọ̀-oòrùn ni mo yàn, mo sì wá àwọn ojú ìwé tó dá lórí odi àwọn iwin, nítorí ó wà lára àwọn àkòrí tí àjọ náà fún àwọn olùkọ́. Àwọn odi yìí kì í ṣe àlọ́. Ilé àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti nǹkan bí ọdún 500 sí 1000: wọn a gbẹ́ yàrà roboto, wọn a fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi, wọn a sì kọ́lé sáàárín. Nǹkan bí 45,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ní erékùṣù náà. Nígbà tí a kò rántí àwọn tó mọ wọ́n mọ́, àwọn ará abúlé gbà pé àwọn iwin ló jogún wọn. Wọn kì í dárúkọ àwọn iwin náà gan-an; “àwọn èèyàn rere” ni wọ́n ń pè wọ́n, kí inú má bàa bí wọn.

Iṣẹ́ títẹ̀ náà gba sùúrù. Ohun tí ọmọ kọ gan-an ni mo ń tẹ̀, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀; mi ò tún un ṣe, nítorí ẹnu ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ṣì wà nínú àṣìkọ mìíràn. Ibi tí yíǹkì ti ṣá, mo máa ń sọ àwòrán náà di ńlá títí lẹ́tà yóò fi yọ. Àwọn ìtàn náà jọra: iná tó ń tàn nínú odi lóru, orin tí a kò rí ẹni tó ń kọ ọ́, ọkùnrin tó gé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní hawthorn tí apá rẹ̀ sì wú, màlúù tó kú lẹ́yìn tí wọ́n wó odi. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni pé ọmọ náà kì í sọ pé “níbì kan.” Yóò sọ oko ẹni tó wà, bó ṣe jìnnà sí ilé-ìwé tó, àti odi mìíràn téèyàn lè rí láti orí rẹ̀. Ọ̀nà àwọn iwin wà láàárín odi sí odi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé dí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé yóò fi òkúta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òkúta kan sì ti yẹ̀, ó di dandan kó wá ibòmíràn. Bí èèyàn ṣe ń bá aládùúgbò pín ààlà nìyẹn, kì í ṣe bí ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí máàpù tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ibi ìrántí fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àmì pupa wà lórí gbogbo ibi àtijọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Mo wá abúlé tí ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà dárúkọ, mo sì bọ́ sórí àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú. Ó wà níbẹ̀: òrùka igi láàárín pápá, ìlà tí katakata fà sì tẹ̀ kọrọdọ lẹ́bàá rẹ̀. Láti ọdún 1930 ni òfin ti ń dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ oko lóru. Katapílà ti wó ọ̀pọ̀ odi ní ìdajì ìkẹyìn ọ̀rúndún ogún, èmi sì gbà pé ìbẹ̀rù wà lára ohun tó dá èyí tó ṣẹ́kù sí.

Ní Clare kan náà, lọ́dún 1999, títì ọlọ́nà méjì ń bọ̀ wá gba ibi tí igi hawthorn kan wà ní Latoon. Eddie Lenihan, apìtàn àgbà, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé ibi ìpàdé àwọn iwin ni. Wọ́n tún ètò títì náà ṣe, igi náà sì dúró lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n fi ọgbà yí i ká.

Mi ò ní fi apá kejì pa mọ́. Ní Tipperary, lọ́dún 1895, ọkọ Bridget Cleary dáná sun ún, ó ní kì í ṣe ìyàwó òun ni, iwin tó gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀ ni, pé ìyàwó òun gan-an yóò jáde wá láti odi kan nítòsí. Ìgbàgbọ́ tó dá igi sí náà ló pa obìnrin yẹn, ẹni tó bá ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo parí, mo ka ohun tí mo tẹ̀ sí ti ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Orúkọ oko àti ti abúlé inú rẹ̀ ti ṣeé wá báyìí, kí ẹni tó fẹ́ la títì tàbí kọ́lé níbẹ̀ lè kà á kó tó kan ilẹ̀.