Ẹ Wọn Igi Kí Táńkì Gáàsì Tó Dé

Táńkì kan tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gàrí rì mọ́lẹ̀ láti máa sọ ìgbẹ́ màlúù di gáàsì ìdáná ti sán báyìí, omi òjò ló wà nínú rẹ̀. Mo bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí níbẹ̀ bóyá ó dín igi ìdáná kù. Ẹnì kan ní ó dín in, ẹnì kejì ní rárá. Kò sẹ́ni tó wọn igi kí táńkì tó dé. Àṣìṣe yìí kan náà ni mo ń rí láti Kabba dé Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó sì ń dùn mí, torí owó ẹgbẹ́ ló ń run síbẹ̀.

Ọjọ́ 14 gbáko ni kí ẹ fi wọn igi, kí ẹ tó da garawa ìgbẹ́ àkọ́kọ́ sínú táńkì. Ìwọ̀n tí ẹ fi ń ta kájú tó. Ẹ wọn igi gàrí àti igi ilé ìdáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí iná tó ràn, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù tí iná bá kú, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ kọ iye kílò gàrí ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìdì mẹ́ta" kì í ṣe ìwọ̀n! Ìdì tí ìyá ru àti èyí tí ọmọ ọdún 10 ru kò lè dọ́gba.

Kílò 25 ìgbẹ́ tútù ń fẹ́ lítà 25 omi lójoojúmọ́: kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Tí kànga bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, ta ni yóò pọn ọ́n? Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún àti wákàtí tó fi lọ tó fi bọ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ yín kì í ka wàhálà obìnrin mọ́ ìnáwó.

Gáàsì tí ìyẹn ń mú wá, nǹkan bíi mítà kúbíìkì 1, á jó lórí sítóòfù kan fún wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ó tó se iṣu àti ọbẹ̀. Kò tó yan gàrí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín ń tàn yín jẹ.

Tí ẹ bá ń da èèpo ẹ̀gẹ́ mọ́ ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ ju kílò 1 lọ sí kílò 3 ìgbẹ́. Tó bá pọ̀ jù, ohun inú táńkì á kan bí omi ògì, gáàsì á sì dá.

Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tí gáàsì ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná.

Tí táńkì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tún fi ọjọ́ 14 wọ̀n lójò, àti 14 mìíràn lẹ́ẹ̀rùn. Bí igi fún kílò gàrí kan kò bá dín, tí igi ilé ìdáná náà kò sì dín, ẹ má ra táńkì kejì. Ẹ fi ìṣó kọ́ ìwé náà sẹ́nu ọ̀nà ilé gàrí, kó má lọ sùn sílé akápò.