Ẹ má fi fóòmù kan ṣoṣo dán gbogbo ara ọkọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan ìwọ̀n fóòmù

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ dúdú kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ìlà tó yọ lára ilẹ̀kùn rẹ̀, èyí tó gba iwájú lọ sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ibì kan níbẹ̀ tó ṣá bí eérú, tí kò dán mọ́ bó ti wù kí ẹ nù ún tó. Fáníìṣì, ìyẹn ìpele ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó wà lókè pátápátá, ló tán níbẹ̀. Ẹnì kan ló fi ẹ̀rọ jẹ ẹ́ tán, ó sì lè má tilẹ̀ mọ̀ títí tó fi fi aṣọ nu kíríìmù tí a fi ń dán ọ̀dà kúrò.

Èmi náà ti ṣe é rí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ní ẹ̀rọ tèmi. Fóòmù, ohun rírọ̀ bíi kànrìnkàn tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ láti fi dán ọ̀dà, tó fẹ̀ tó mílímítà 150 ni mo fi ṣe ọkọ̀ oníbàárà láti òrùlé dé bọ́ḿpà, torí òun nìkan ni mo ní. Ibi tí mo bà jẹ́ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n odindi ilẹ̀kùn ni wọ́n ní láti tún kùn, nítorí wọn kì í lẹ ọ̀dà bí ẹní lẹ aṣọ. Owó tí mo san fún kíkùn náà ju èyí tí mo gbà lórí gbogbo iṣẹ́ lọ.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi, kíríìmù tí mo ń lò ni wọ́n máa ń béèrè, tàbí oríṣi ẹ̀rọ. Ìwọ̀n fóòmù kì í wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n á lọ sọ́jà, wọ́n á ra èyí tó bá wà nílẹ̀ (ẹni tó ń tà á lè pè é ní mousse tàbí tampon), wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi tí a fẹ́ dán ló yẹ kó sọ fún wa irú fóòmù tí a ó mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń fọwọ́ kàn. Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ìpele kan. Wọ́n á kun èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, wọ́n á kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, àwọ̀ á tẹ̀ lé e, fáníìṣì tí kò láwọ̀ á wá bò gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ wọn sábà máa ń wà láàrin máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan). Fáníìṣì nìkan máa ń jẹ́ nǹkan bí 35 sí 50. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí 70. Inú ohun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà. Ní etí ilẹ̀kùn àti lórí ìlà tó yọ, ó tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, ó máa ń ṣàn kúrò lórí ibi tó bá mú. Ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé lèyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan lè ti dán an lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Fóòmù ńlá lórí ibi tóóró

Fóòmù ńlá ń yára, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ènìyàn fi máa ń lọ síbẹ̀. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó tẹ́jú, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó tó wà láàrin ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn lè má fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí fóòmù mílímítà 150 bá gun orí òpó yẹn, àárín rẹ̀ nìkan ló jókòó. Etí rẹ̀ yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, ó ń gbá rọ́bà, ó ń gbá gíláàsì.

Lórí ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan, etí fóòmù ló ń sáré jù. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, etí fóòmù mílímítà 150 á rin nǹkan bíi mítà 700 láàrin ìṣẹ́jú náà. Ti mílímítà 75 kò ní ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan náà lẹ yàn lórí ẹ̀rọ, àmọ́ ooru tí ọ̀dà ń jẹ kò rí bákan náà. Bí etí tó ń sáré yẹn bá wá bọ́ sórí ìlà tó yọ lára ilẹ̀kùn, gbogbo ìwọ̀n ọwọ́ yín àti ti ẹ̀rọ á pàdé lórí ibi tó fẹ́lẹ́ jù lọ. Bí mo ṣe jó ilẹ̀kùn ọjọ́sí nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń yí tó sì tún ń mì káàkiri kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ti rẹ̀. Bí fóòmù ńlá kò bá jókòó dáadáa lórí ibi tí kò tẹ́jú, yóò dáwọ́ yíyí dúró, yóò kàn máa gbọ̀n. Ariwo ẹ̀rọ kò ní yí padà púpọ̀, ẹni tó dì í mú á rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹ mú máákà dúdú, kí ẹ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo tí fóòmù lẹ̀ mọ́. Bí fóòmù bá ń yí, ẹ ó máa rí ìlà yẹn bó ṣe ń yí kọjá. Bí ó bá dúró lójú kan tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, yálà ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù tàbí fóòmù yẹn ti tóbi jù fún ibẹ̀.

Wàhálà kan tún wà tí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Kétu mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Eruku pupa ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tán lára ọkọ̀ bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Abẹ́ rọ́bà gíláàsì ló ń sá pamọ́ sí, àti ẹ̀yìn lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bùùtù. Fóòmù tó bá tóbi ju ibi tí ẹ ń ṣe lọ á fi etí rẹ̀ gbá eruku yẹn jáde, á wá máa fi í họ ojú ọ̀dà. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró láti yẹ iṣẹ́ wò, ẹ sì rí ìlà tuntun tó pọ̀ ju èyí tí oníbàárà gbé wá lọ.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ gbé fóòmù lé ibi tí ẹ fẹ́ ṣe ní tútù, láìtan ohunkóhun, kí ẹ tẹ orí wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí tí etí rẹ̀ bá ré kọjá ibẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ mú èyí tó kéré sí i.

Fóòmù kékeré níbi gbogbo

Ẹni tí fóòmù ńlá bá ti bá iṣẹ́ jẹ́ fún rí máa ń sá lọ sí òdìkejì. Ọmọṣẹ́ kan tó gba òmìnira lọ́dọ̀ mi lọ dá dúró sí Ṣábẹ̀ẹ́, lójú títì tí àwọn ọkọ̀ ń gbà lọ sí Parakou. Fóòmù mílímítà 75 nìkan ló rà. Ó pè mí lọ́jọ́ kan: “Pàtírọ́ọ̀nù, mo ti wà lórí òrùlé ọkọ̀ yìí láti àárọ̀, kò dọ́gba.” Ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Nínú oòrùn, òrùlé náà ní àmì tó-tò-tó bí ara ẹkùn, ibì kan dán, ibì kan ṣókùnkùn.

Fóòmù mílímítà 75 kì í ṣe ìdajì ti 150. Ojú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ti ńlá. Bí ẹ bá fi agbára ọwọ́ kan náà tẹ méjèèjì, ibi tí kékeré bà lé ń jẹ ìnira ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ó ń yára gé ìlà kúrò lójú kan, ó sì ń yára gbóná lójú kan. Lórí òrùlé tó fẹ̀ bí pápá, kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè mú un rìn lọ́gbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún máa ń kún fún ìdọ̀tí kíákíá, torí ibi tí kíríìmù àti ọ̀dà tó ń ṣí lè wọ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́, kí ó máa pààrọ̀ wọn. Kíríìmù rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ pọ̀: ẹ̀kán méjì bí ẹ̀wà tó, níbi tí ńlá ń gba mẹ́rin.

Fóòmù àti àwo tí kò bára mu

Àwo yìí le, ike tàbí irin ni. Bí ó bá fẹ̀ tó fóòmù, tàbí tí ó fẹ̀ jù ú lọ, lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá yẹ̀ díẹ̀, òun gan-an ni yóò gbá ọ̀dà, kò sì sí kíríìmù tó ń tún ìyẹn ṣe. Fóòmù gbọ́dọ̀ yọ síta yí àwo ká. Àwo mílímítà 125, fóòmù 140 sí 150. Àwo 150, fóòmù 165 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwo 75, fóòmù 80 sí 90. Ẹ mú rúlà dání lọ sọ́jà, torí ojú fóòmù àti ẹ̀yìn rẹ̀ lè má dọ́gba, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí kì í sì í fi gbogbo ìgbà sọ èwo ni wọ́n wọ̀n.

Ẹ má sì yọ àwo ńlá lára ẹ̀rọ tó ń mì, kí ẹ fi kékeré rọ́pò rẹ̀ láti fi dín owó kù. Inú ẹ̀rọ yẹn ni irin kan wà tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n àwo tó bá a wá. Bí àwo bá fúyẹ́ jù, gbogbo apá yín ni yóò máa gbọ̀n, ẹ̀rọ náà kò sì ní pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ kékeré ni kí ẹ wá fún fóòmù kékeré.

Bí owó bá wà fún ìwọ̀n kan péré, èrò tèmi ni kí ẹ ra aláàrin, nǹkan bíi 130 sí 140. Yóò pẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n yóò ṣe ilẹ̀kùn láìṣe jàǹbá. Ẹ fi ọwọ́ ṣe òpó àti ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn títí tí owó fóòmù kékeré yóò fi wá.

Bọ́ḿpà fẹ́ kí a bẹ̀rù rẹ̀ lọ́tọ̀. Ike ni. Irin máa ń gba ooru ká ara, ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru á jókòó síbi tí ẹ ti dá a. Ẹ̀rọ tí àwọn kan fi ń wọn nínípọn ọ̀dà, èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, kò lè ka ohunkóhun lórí ike. Fóòmù kékeré, ìyára kékeré, kí ẹ sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ ń sá, ẹ lọ ṣe ibòmíràn. Ọ̀sán gangan ní Àjàṣẹ́ kò dára fún èyíkéyìí nínú iṣẹ́ yìí. Abẹ́ òrùlé, lówùúrọ̀, ni mo ti ń ṣe é.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tán tí ìlà kan tó jìn ṣì kù ní etí ilẹ̀kùn, níbi tí fóòmù tó kéré jù lọ pàápàá kò ti lè jókòó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pe olówó ọkọ̀, kí ẹ fi hàn án kó tó sanwó, kí ẹ sọ fún un pé fáníìṣì ibẹ̀ kò pọ̀ tó láti lé ìlà yẹn lọ.