Ẹ má ṣe é báyìí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkó component jọ fún wẹ́bùsáìtì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kó component jọ, ìyẹn àwọn ègé ojú-ìwé bíi bọ́tìnì tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń lò níbi púpọ̀, nígbà tí ẹ kò tíì kọ ojú-ìwé kan yanjú. Ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo gbà, wẹ́bùsáìtì tí oníbàárà á ti máa ra ẹja láti ilé. Kí n tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́, mo ti fi oṣù kan gbáko kọ bọ́tìnì, fọ́ọ̀mù, kàlẹ́ńdà, táàbù, gbogbo ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ délẹ̀, bọ́tìnì, fọ́ọ̀mù àti káàdì tí a ń to ẹja sí nìkan la lò. Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó lò ó, síbẹ̀ ìgbàkígbà tí React, irinṣẹ́ tí mo fi kọ ọ́, bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, mo gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò. Ní báyìí, ojú-ìwé tó nílò nǹkan ni mo ń kọ ọ́ sí. Bí mo bá kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà yẹn ni mo tó yọ ọ́ sínú library, ibi tí mo ń kó component jọ sí.

Èyí tó burú jùyẹn lọ ni component kan ṣoṣo tó fẹ́ jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹja tútù ni mo kọ káàdì fún. Ẹja yíyan dé, mo fi prop kan kún un, ìyẹn ohun tí a fi ń sọ fún component bó ṣe máa rí: isSmoked. Ẹja tán lórí àtẹ, mo fi soldOut kún un. Ẹni tó ń tà ní ẹ̀dínwó dé, òmíràn tún wọlé. Prop bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ márùn-ún péré ti di ìrísí 32. Mẹ́sàn-án á di 512, ta ló fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán? Ẹ jẹ́ kí káàdì dà bí agbọ̀n ẹja: kó ní etí, kó ní ìdí, kí ẹni tó ń lò ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwòrán, iye owó àti bọ́tìnì sínú rẹ̀. Children lèyí ń jẹ́ nínú React, slot ni Vue, irinṣẹ́ mìíràn bíi React, ń pè é.

Ibi tó dùn mí jù ni ti èdè wa. “Fresh fish” ni mo kọ sínú káàdì nígbà tí mò ń dán an wò. Mo fún àkọlé ní gíga kan pàtó, mo fún line-height, ìyẹn gíga ìlà ọ̀rọ̀, ní 1, mo sì fi overflow: hidden gé ohun tó bá yọ síta. Nígbà tí “Ẹja Ẹ̀pẹ́” wọ ibẹ̀, àmì ohùn gé lókè, àmì ìdí gé nísàlẹ̀, ó ku “Epe”. Màmá kan tí mo gbé fóònù fún wò ó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta lò ń ṣépè fún lójú ọjà mi?” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ yọ gíga yẹn kúrò, kí ẹ fún line-height ní nǹkan bí 1.5. Ẹ má sì máa ka lẹ́tà láti gé ọ̀rọ̀ kúrú: Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, kò ní kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà slice, àṣẹ tó ń gé ọ̀rọ̀, lè já àmì kúrò lórí lẹ́tà. Bọ́tìnì náà ńkọ́? “Add” kò gba àyè. “Fi sínú agbọ̀n” gba àyè.

Ẹ má fi div, àpótí lásán inú HTML tí a fi ń kọ ojú-ìwé, ṣe bọ́tìnì. Tab orí kíbọ́ọ̀dù á fò ó kọjá, Enter kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ohun èlò tó ń ka ojú fóònù fún afọ́jú kò sì ní pè é ní bọ́tìnì. Button wà nínú HTML, ẹ lò ó. Kí ẹ sì gbé fóònù yín jáde sínú oòrùn ọ̀sán: àwọ̀ eérú lórí funfun tó rẹwà nínú yàrá kò ní hàn sí ẹni tó jókòó ti àtẹ ẹja. WCAG, ìlànà tó ń mú kí gbogbo èèyàn lè lo wẹ́bùsáìtì, ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ẹ̀dà 2.2 sì fẹ́ kí ibi tí ìka máa tẹ̀ tó píksẹ́lì 24 níbùú lóòró. Fún ọwọ́ tó tutù, tí ìpẹ́ ẹja wà lára rẹ̀, 44 lèmi máa ń fún un.

Àwọ̀ náà, inú CSS variable ni kó wà, ìyẹn orúkọ kan tí a pa àwọ̀ mọ́ sí kí a lè máa pè é níbi gbogbo, kí orúkọ rẹ̀ sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. --green á di irọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní búlúù làwọn fẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo yí orúkọ prop kan padà láti price sí amount, mo sì gbé library náà jáde ní ẹ̀dà 1.4.3 bí ẹni pé àtúnṣe kékeré ni. Wẹ́bùsáìtì náà gbà á wọlé fúnra rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí iye owó lójú káàdì kankan, àwọn ẹlẹ́ja sì ń pè mí láti ìdí àtẹ wọn. 2.0.0 ló yẹ kí nọ́ńbà yẹn jẹ́, torí nọ́ńbà iwájú ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń lò ó pé nǹkan ti yí. Ó sì yẹ kí price ṣì máa ṣiṣẹ́ títí gbogbo ojú-ìwé á fi kó lọ sí amount.