Òròmọdìẹ Tó Ń Fi Orúnkún Wọ́: Inú Oúnjẹ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Òròmọdìẹ ń jẹun, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ kò fẹ́ dìde. Ẹ lé e, á fi orúnkún wọ́ lọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká sínú bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn kan á fi òwú so ìka náà mọ́ igi, àwọn mìíràn á fi àdí pa á. Àṣedànù ni. Ìka kọ́ ló ń ṣe é, iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ ni.

Awọ kan bo iṣan yìí, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Bí fítámì B2 kò bá tó nínú oúnjẹ, awọ náà á máa bàjẹ́, iṣan itan á sì wú. Tó bá le, ó lè tóbi tó ìlọ́po 4 tàbí 5.

Ibo ni àìtó náà ti ń wá? Lọ́dọ̀ tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó ni. Fíìdì wọ́n, ẹni tó ní 50 bróílà á gba Ọjà Tàkíé lọ ra àgbàdo, á pò ó mọ́ èèrí àti kúlíkúlí, ó parí. Àgbàdo ń fún adìyẹ lágbára o, ṣùgbọ́n B2 inú rẹ̀ kéré jọjọ. Kílò oúnjẹ òròmọdìẹ kan yẹ kó ní nǹkan bíi mílígírámù 3.6. Pírímíìsì, ìyẹ̀fun àdàpọ̀ fítámì tí wọ́n ń tà nínú àpò, ló ń dí àlàfo yẹn. Gírámù 250 sí kílò 100 oúnjẹ ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìmọ́lẹ̀ ń pa B2. Pírímíìsì tó ti wà lójú fèrèsé láti èṣí, B2 inú rẹ̀ lè ti dín kù.

Omi wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń dà nù náà ní B2. B2 ló fún un ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ ewé. Ẹ lè fi díẹ̀ pò oúnjẹ tí wọn yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà. Kò rọ́pò pírímíìsì.

Ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kí àwọn yòókù má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì fi fítámì B sínú omi rẹ̀. Tí ẹ bá tètè rí i, ó lè dìde. Èyí tí ìka rẹ̀ ti ká fún ìgbà pípẹ́ kì í sábà nà mọ́.

Tí adìyẹ bá ti ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, tó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn Marek, tí József Marek ará Họ́ńgárì ṣàpèjúwe ní 1907. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àwọn ọmọ ogun ara adìyẹ náà fúnra wọn á rọ́ wọ inú iṣan, wọ́n á máa ba awọ rẹ̀ jẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ń wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ kìíní ló ń dènà rẹ̀, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń ta òròmọdìẹ bóyá wọ́n ti gún wọn kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ kò bá mọ èwo ni, ẹ gbé ọ̀kan láàyè lọ bá dókítà ẹran. Tó bá là á, iṣan itan méjèèjì ni kó wò: bí àwọn méjèèjì bá wú bákan náà, ẹ lọ wo àpò fíìdì yín, bí ọ̀kan bá wú ju ìkejì lọ, Marek ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.