Golf 3 tó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́: ẹ yẹ ọ́ìlì wò kẹ́ ẹ tó tú tápẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Golf 3 oní fáàfù mẹ́jọ, tí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn ife irin kékeré tó ń ti fáàfù, kò ní sukúrù tí wọ́n ń yí bíi ti Peugeot 504, ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, ọ́ìlì yẹn ló ń tì í kó lè máa fara kan camshaft, irin gígùn tó ń yí lókè injíìnì, tí ọ́ìlì ò bá ti dé ibẹ̀ dáadáa àlàfo á ṣí, irin á máa gbá irin.

Torí ẹ̀ ọ́ìlì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú kẹ́ ẹ fa géèjì yọ. Tó bá kéré, ẹ fi kún un. Tó bá kọjá àmì òkè, ìyẹn náà ò dáa o, crankshaft, irin tó ń yí nísàlẹ̀ injíìnì, á máa lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ á wá kún inú tápẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti dúdú tó ki bí ọ̀dà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú fìlítà, kẹ́ ẹ má ra gbàrọgùdù fìlítà, irú ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì sàn padà sísàlẹ̀ lóru. Ariwo tó bá dún díẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì tó sì dákẹ́ kíá, ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá ṣì ń dún, ẹ jẹ́ kí injíìnì gbóná títí fáànù á fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá tẹ iná mọ́ ọn dé 2,500 RPM (iye ìgbà tí injíìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ìṣẹ́jú 2. Lọ́pọ̀ ìgbà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á jáde, ọ̀rọ̀ parí.

Kò dákẹ́? Ẹ fi ẹnu screwdriver gígùn kan injíìnì, kẹ́ ẹ gbé etí lé ìdí ẹ̀. Ti tápẹ́ẹ̀tì máa ń wá láti òkè, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín. Tó bá jẹ́ gbù-gbù láti ìsàlẹ̀, tó ń pọ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ pa injíìnì yẹn kíá, kọ́nróòdù nìyẹn, irin tó so písítìnì mọ́ crankshaft. Tó bá ń dún ní tútù, tí kì í dákẹ́ àfi tí injíìnì bá gbóná, ẹ wo ìdí èsọ́ọ̀sì bóyá èédú ti lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ti ra tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ rí, àṣé gásíkẹ́ẹ̀tì èsọ́ọ̀sì ló ń jò, owó ti lọ.

Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń dún, ẹ ní kí wọ́n wọn agbára ọ́ìlì. Tí injíìnì bá gbóná, ní 2,000 RPM ó yẹ kó tó bar 2. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tápẹ́ẹ̀tì tuntun ò lè ràn yín lọ́wọ́, pọ́ńpù tàbí bearing ni.

Ìgbà yìí lẹ tó lè ṣí ìdérí òkè. Ẹ fi sípánà yí injíìnì títí ẹyin camshaft á fi kọjú sókè lórí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wò, ẹ fi igi tàbí rọ́bà líle tẹ tápẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀, kì í ṣe irin. Tí feeler gauge 0.1 mm, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, bá wọ àárín ẹ̀ àti camshaft, ó ti kú. Èyí tẹ́ ẹ bá máa dá padà, ojú ihò ẹ̀ gan-an ni kó padà sí, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sítáàtì, torí ọ́ìlì tó kún inú ẹ̀ ṣì ń ti fáàfù sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá kánjú písítìnì á gbá a.